Ọmọ mi fẹ́ máa gun ìgbì òkun ní Sligo, ṣé kí n gbà fún un?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tá a ti dé Sligo, nílẹ̀ Ireland níbí, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, ọkọ mi ṣì wà n'Ibàdàn, à ń dúró de fíísà. Ọmọ mi obìnrin ti pé mẹ́tàlá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní súkúù ní kó wá bá àwọn ní etíkun Strandhill kí wọ́n jọ máa gun pátákó lórí ìgbì, sọ́ọ̀fù tí wọ́n ń ṣe yẹn. Mo lọ wò ó ní Sátidé tó kọjá. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ bíi pé ó fẹ́ ṣí òrùlé, àwọn ọmọ kéékèèké wọ aṣọ rọ́bà dúdú wọ́n ń sáré wọnú òkun, àwọn ìyá wọn dúró létí omi wọ́n ń mu tíì. Mo ní ṣé orí àwọn èèyàn yìí pé ṣá? Gbogbo ẹni tí mo bi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n má dán an wò. Látọjọ́ yẹn ọmọ ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, kí ni kí n ṣe? Kí ló tiẹ̀ wà láàárín àwọn ará ibí àti òtútù?

* * *

Ẹ kú àfaradà o, àbúrò mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí fíísà bàbá ọmọ tètè jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí èrò tó pọ̀: ẹ gbà fún ọmọ. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn tú u sílẹ̀ o, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì máa ṣàlàyé. 2003 ni mo dé ilẹ̀ yìí, Dublin la kọ́kọ́ gbé, ó di 2009 ká tó kó wá sí Sligo. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, ọ̀nà Bundoran, ìlú etíkun tí wọ́n ti ń ṣe sọ́ọ̀fù, wà lára ibi tí mò ń ná, torí náà irú àwọn ọmọ tẹ́ ẹ rí yẹn, èmi ni mò ń gbé wọn lọ tí mò ń gbé wọn bọ̀, tàwọn ti irun tútù àti báàgì tó ń kán omi sílẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, tọmọdé tàgbà, kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láì dúpẹ́. Nǹkan tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn nípa àwọn èèyàn yìí nìyẹn.

Ẹ bi mí pé kí ló wà láàárín wọn àti òtútù. Wọn ò dúró de ojú ọjọ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Met Éireann tó ń ṣàkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ wọn ní lápá ìwọ̀-oòrùn tá a wà yìí, òjò máa ń rọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 225 lọ́dún, ní apá Dublin tó fúyẹ́ jù ó tó nǹkan bí 150. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Àwa tá a ti ilé wá, tí ojú ọ̀run bá ti ṣú ṣe la máa ń sá wọlé, torí òjò tiwa á rọ̀, á dá, oòrùn á yọ, ọjà á tún gbóná. Tiwọn kì í dá bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo lò ní Dublin, ibi iṣẹ́, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé, mò ń dúró kójò dá kí n tó gbé àwọn ọmọ jáde. Iwájú tẹlifíṣọ̀n ni àkọ́bí mi dàgbà sí. Ó ń dùn mí di òní olónìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ báyìí.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí ewu. Ẹnì kan ní òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Limerick ní àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán, òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ewu torí ojú mi ló ṣe.

Ọdún tí mo pé mẹ́rìnlélógójì ni mo bẹ̀rẹ̀ tèmi, torí ọmọ mi kejì tó ti ń ṣe é. Mo kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta péré, mo wá rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, mo gbé bọ́ọ̀dù lọ sí Tullan Strand ní Bundoran lémi nìkan láàárọ̀ ọjọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo rí ibì kan tí omi ti parọ́rọ́, ìgbì ò ya níbẹ̀, mo ní ibí yìí ló dáa fún mi. Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Omi tí ìgbì ń gbé wá sétí bèbè gbọ́dọ̀ rí ibi padà gbà, ó máa ń wá ibi tó jìn díẹ̀, ibẹ̀ láá gbà ṣàn padà sínú òkun, ìdí nìyẹn tí ojú ẹ̀ fi máa ń pa rọ́rọ́ tí àlejò á fi rò pé ibẹ̀ ló rọrùn. Kí n tó ṣẹ́jú mélòó kan èèyàn orí iyanrìn ti di kékeré lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá wa omi, mo kọjú sí bèbè tààrà, bí mo ṣe ń tẹ̀ síwájú ló ń fà mí sẹ́yìn, apá mi méjèèjì kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ìyá mi tó ti kú. Ọmọkùnrin kan tí ò lè ju mẹ́rìndínlógún lọ ló wá bá mi lórí bọ́ọ̀dù tiẹ̀, ó ní bàbá, ẹ má bá a jà mọ́, ẹ sùn lé bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ sinmi, lẹ́yìn náà ká jọ máa lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ la gbà, a ò kọjú sí bèbè rárá, kò pẹ́ la jáde nínú ẹ̀, ìgbì fúnra ẹ̀ ló gbé wa wálé.

Ẹ̀gbọ́n, òwe yín yẹn gan-an ni ọmọ yẹn fi gbà mí là, kò kàn gbọ́ Yorùbá ni. Òwe náà ò ní ká má wa ọkọ̀ lórí òkun. Ó ní tí òkun bá ń hó ruru, kí awakọ̀ má hó ruru bíi tiẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ sọ́ọ̀fù ní kíláàsì àkọ́kọ́ nìyẹn: tí omi bá ń fà ẹ́ lọ, kì í fà ẹ́ wọ ìsàlẹ̀, ọ̀ọ́kán ló ń gbé ẹ lọ, má bá a jà, gba ẹ̀gbẹ́, tí o ò bá lè gba ẹ̀gbẹ́ mọ́ léfòó kí o nawọ́ sókè. Ẹni tó wà létí omi á pe 112 tàbí 999, á ní Coast Guard, àwọn tó ń gba ẹ̀mí là lórí òkun, lòun fẹ́.

Torí náà, ìyá ọmọ, ẹ kọ́kọ́ fi í sí púùlù, kó lè lúwẹ̀ẹ́ lọ kó lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ láì dúró, kí ara ẹ̀ sì balẹ̀ tí omi bá bo orí ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tó níwèé ẹ̀rí, kì í ṣe kó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lásán. Ohun kan tún wà tí àlejò kì í mọ̀: Strandhill dáa fún sọ́ọ̀fù, àmọ́ kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́, omi ibẹ̀ máa ń fa èèyàn, wọ́n ti gbé pátákó ìkìlọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, Rosses Point ni kó lọ. Ọmọ tó wà lórí bọ́ọ̀dù ní nǹkan tó ń léfòó tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ò ní.

* * *

Àǹtí tó ní kí wọ́n dúró di May kí omi lè móoru, rárá o. Òkun kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ìparí ooru, August sí September, ló máa ń móoru jù, á tó 15 tàbí 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius, February sí March ló máa ń tutù jù, á já sí 8 tàbí 9. Omi October móoru ju ti May lọ. September ni kí ọmọ bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ rọ́bà yẹn wá ńkọ́, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣàṣìṣe. Ẹ má ra èyí tó tóbi pé kó lè pẹ́ lára ẹ̀ bá a ṣe ń ra yúnífọ́ọ̀mù! Omi díẹ̀ ló máa ń wọnú ẹ̀, ara ọmọ láá mú omi yẹn gbóná, rọ́bà ò ní jẹ́ kí ooru yẹn jáde. Tó bá tóbi, omi tútù á máa wọlé á máa jáde, ọmọ á gbọ̀n títí. Ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ ọn lára. Nígbà ooru 4/3 ti tó, ìyẹn mìlímítà mẹ́rin láyà, mẹ́ta lápá àti lẹ́sẹ̀, tó bá di òtútù 5/4 ni, pẹ̀lú bàtà, ìbọ̀wọ́ àti fìlà rọ́bà.

* * *

"Kì í ṣe tiwa. Nǹkan òyìnbó ni." Mo ka gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́fà lónìí, ó sì kan mí lára.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe tiwọn náà tẹ́lẹ̀ o! Ẹ bi àwọn àgbà etíkun yìí, wọ́n á sọ fún yín pé ọ̀pọ̀ apẹja láyé àtijọ́ ò mọ̀wẹ̀ rárá, wọn ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ará Bray tó ń jẹ́ Kevin Cavey ló ka nípa sọ́ọ̀fù nínú ìwé Reader's Digest ní 1962, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kan pátákó, nígbà tó fi máa di 1966 ó ti lọ ṣojú Ireland níbi ìdíje àgbáyé ní San Diego. Ìyá kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì ní Rossnowlagh, Mary Britton, rìnrìn àjò lọ sí California láyé ìgbà yẹn kan náà, ó ra bọ́ọ̀dù méjì bọ̀ fún àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló gbà á lò. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ ni Easkey Britton, ìgbì kan ní Sligo níbí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń pè ní àṣà wọn yìí, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kò ju ọjọ́ orí bàbá mi lọ.

Tá a bá ní kì í ṣe tiwa, ta ló máa ń jẹ́ tiwọn, ta ló máa ń jẹ́ tiwa? Rotimi Adebari, ọmọ Ògùn, dé ibí ní 2000 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi ìsádi, ní 2007 ó di méyọ̀ Portlaoise, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa jẹ méyọ̀ ní Ireland. Rhasidat Adeleke tó ń sáré ìje, tí wọ́n bí ní Dublin ní 2002, tó dàgbà ní Tallaght, ó gba góòlù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ níbi ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Rome ní 2024, ó ṣe ipò kẹrin nínú 400 mítà ní Olympics ní Paris lọ́dún kan náà, gbogbo ilé ọtí ní ilẹ̀ yìí ló ń pariwo Adeleke, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Tí ìyá ẹ̀ bá ti ní pápá ìsáré kì í ṣe tiwa ńkọ́?

* * *

Pásítọ̀ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún kọ̀wé pé ẹ̀mí òkun ń bẹ, pé Olókun àti màmí wàtá kì í ṣe nǹkan eré, ká má fi ọmọ Ọlọ́run lé wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan dá a lóhùn pé àwọn òyìnbó ò gba irú ẹ̀ gbọ́, ìdí nìyẹn tí ara wọn fi yá. Ẹni tó dáhùn yẹn ni mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe.

Àwọn Irish ò yàtọ̀ sí wa níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní òrìṣà òkun tiwọn, Manannán mac Lir lorúkọ ẹ̀. Wọ́n gbé ère ẹ̀ sórí òkè Binevenagh lápá àríwá. Ní January 2015 àwọn kan lọ gé e kúrò, wọ́n fi àgbélébùú sí ipò ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ìwọ kò gbọdọ̀ ní ọlọ́run mìíràn. Tí wọ́n bá ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ló ti ṣẹlẹ̀, ta ló máa jiyàn? Nígbà tó yá wọ́n rí ère náà, wọ́n sì gbé òmíì síbẹ̀ ní 2016.

Ó tún kù. Ní 1999 ìjọba fẹ́ la ọ̀nà ńlá ní Latoon, ní Clare, igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà lójú ọ̀nà. Eddie Lenihan tó jẹ́ apàlọ́ ní igi yẹn ibi ìpàdé àwọn iwin ni, pé ẹni tó bá gé e, jàǹbá ọkọ̀ ò ní tán lójú ọ̀nà yẹn. Wọn ò gé e. Wọ́n tún ìwé ọ̀nà yà kí igi lè dúró. Ní 2002 ẹnì kan lọ fi ẹ̀rọ gé gbogbo ẹ̀ka ẹ̀, ó tún rúwé padà. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà níbi tí wọ́n ti ń yà fún ìrókò, ọjọ́ tí mo gbọ́ ìtàn yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbọ́ èdè mi ni mo wà.

Àwọn tó bẹ̀rù iwin tó bẹ́ẹ̀ ló ń fi ọmọ wọn sínú omi lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún òkun, wọn ò torí ẹ̀ sá fún un. Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà fún ọmọ, ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó lọ kọ́ ìwẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ irun, kíá. Tí ọmọ bá di irun, kó fi omi tó mọ́ rin ín kó tó wọ òkun, irun tó ti mu omi gidi kì í mu omi iyọ̀ púpọ̀, kó fi òrí pa á díẹ̀, kó wọ fìlà rọ́bà. Tó bá jáde kó ṣan án. Ọmọ mi ṣe é fọ́dún mẹ́jọ, irun ẹ̀ ò já.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná ló gùn. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé ní ilé àtijọ́ níbí mọ iná tí wọ́n ń tàn sí táńkì omi, immersion. Ó máa ń ní ojú méjì, ọ̀kan fún ìwọ̀nba omi ìfọwọ́ ìfọbọ́, ọ̀kan fún omi ìwẹ̀ odindi. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ ní títàn dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn, mo ti bá ìyàwó mi fà á, mo sì ti gbọ́ táwọn arúgbó Irish ń fà á nínú bọ́ọ̀sì mi láti Sligo dé Bundoran. Ẹnì kan kọ̀wé níbí pé sọ́ọ̀fù á sọ owó iná di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé mi. Tí ọmọ bá ń ti òkun bọ̀, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti ife la fi ń wẹ̀, bá a ṣe ń wẹ̀ nílé. Ẹ tan ojú kékeré yẹn, kì í ṣe ńlá. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi wá rí i, àwọn náà lọ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì.

* * *

Owó. Ẹ má ra tuntun. Àwọn ọmọ máa ń dàgbà kúrò nínú aṣọ rọ́bà lọ́dún kan, torí náà tókunbọ̀ ẹ̀ kún ìgboro, ilé ẹ̀kọ́ sọ́ọ̀fù sì máa ń yá ọmọ ní aṣọ àti bọ́ọ̀dù fóòmù pẹ̀lú owó ẹ̀kọ́. Láti 1 February 2024 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó lórí ike àti agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, sẹ́ńtì 15 fún kékeré, 25 fún ńlá, àbíkẹ́yìn mi máa ń gbé àpò lọ síbi tí èrò ti ń ṣe fàájì létí òkun, ó ń ṣa á, ó ń lọ fi sínú ẹ̀rọ tó ń dá owó náà padà, owó ẹ̀kọ́ ẹ̀ ló fi ń san díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan ní ìtìjú nìyẹn, ọmọ ọlọ́mọ ń ṣa ike. Mi ò gbà. Ọmọ náà mọ iye tí wákàtí kan ẹ̀kọ́ jẹ́ ní iye agolo, kò sì pa kíláàsì kan jẹ rí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Limerick tún padà wá, ó ní ká jẹ́ kí òtítọ́ hàn, ṣé ìgbì lọmọ máa jẹ, pé a ò fi ilé sílẹ̀ torí kí ọmọ wá máa ṣeré, iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òun la wá fún.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ọ̀pọ̀ ọdún lèmi náà fi sọ bẹ́ẹ̀. Easkey Britton tí mo dárúkọ lókè yẹn, dókítà ni, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, ó gboyè ìwé lórí òkun àtàwọn tó ń gbé létí ẹ̀, 2010 ló lọ sí Iran, ó fi híjáàbù bo orí gun ìgbì níbẹ̀, ó tún padà lọ kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Sọ́ọ̀fù ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà lọ díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí púpọ̀. Àkọ́bí mi, ẹni tó dàgbà síwájú tẹlifíṣọ̀n, àwòrán ló ń yà. Mo bá a jà títí. Ilẹ̀ tá a wà yìí kì í fojú eré wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1969 ni òfin ti wà pé ohun tí òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti ẹni tó ń ṣẹ̀dá orin bá rí látinú iṣẹ́ ọpọlọ wọn, ìjọba ò ní gba owó orí lórí ẹ̀ dé ìwọ̀n kan, 50,000 yúrò lọ́dún ló wà báyìí. Ní 2022 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ètò kan, wọ́n ṣẹ́ kèké mú èèyàn 2,000 nínú àwọn tó lé ní 8,000, wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 325 yúrò lọ́sẹ̀ fọ́dún mẹ́ta kó lè jókòó ti iṣẹ́ ọnà ẹ̀. Ní October 2025 ìjọba ní ètò náà á di èyí tí á máa wà títí lọ. Àwọn kan lára wa ní owó òfò ni, pé ilé ni kí wọ́n fi kọ́, torí ilé ò sí láti gbé, owó ilé ń pani. Òótọ́ ni pé ilé ò sí, èmi náà ní ọmọ tó ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣì ń sùn ní yàrá tó ti ń sùn láti kékeré. Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé ọmọ tó ń fọwọ́ ṣẹ̀dá nǹkan ò níṣẹ́. Bàbá mi kì í ṣe dókítà, ìlù ló ń lù, ìlù yẹn ló san owó súkúù mi.

* * *

Ẹnì kan fi fídíò ìgbì kan ránṣẹ́, ó ní ṣé èyí lẹ fẹ́ fi pa ọmọ ọlọ́mọ. Mullaghmore ní Sligo níbí nìyẹn, October 2020, Conor Maguire ará Bundoran ló wà lórí ẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60, ìjì kan ló ti ọ̀nà jíjìn lórí Atlantic gbé e wá. Ọkọ̀ ojú omi ló fà á wọ ibẹ̀, ẹgbẹ́ ẹ̀ sì wà nítòsí láti gbé e. Ẹ má fi wé ọmọ tó dúró nínú omi tó mu ú dé ìbàdí. Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà kọ́ ló ń wa tírélà.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀ ni mo fi síkẹyìn torí mo fẹ́ fara balẹ̀. Arábìnrin kan ní Dublin kọ ọ́ pé lẹ́yìn 23 November 2023, òun ò jẹ́ kí ọmọ òun dá lọ síbi tí aláwọ̀ dúdú ò sí mọ́. Ẹni tí ò bá mọ̀, lọ́jọ́ yẹn ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ gún àwọn ọmọ níwájú súkúù nítòsí Parnell Square, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé àlejò ni, àwọn kan bá ya sígboro, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jó bọ́ọ̀sì, wọ́n jó tíráàmù. Dẹ́rẹ́bà bíi tèmi ló wà nínú àwọn bọ́ọ̀sì yẹn. Mi ò sùn lóru yẹn. Ọmọ Brazil kan tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri ló bọ́ hẹ́mẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó fi lu ẹni tó ń gún ọmọ títí tó fi ṣubú, àlejò ni òun náà.

Arábìnrin mi, ìbẹ̀rù yín tọ̀nà. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ burúkú sí mi lórí ìjókòó dẹ́rẹ́bà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni pé ẹ rò pé ilé ló ń dáàbò bo ọmọ. Ní tèmi, ẹni tí wọ́n bá mọ̀ lórúkọ ni wọ́n máa ń dáàbò bò. Nígbà tí ìjì Éowyn jà ní 24 January 2025, atẹ́gùn tó 184 kìlómítà ní wákàtí kan ní Mace Head, kò sí irú ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọn rí, ilé tó lé ní 700,000 ni iná lọ. Ọjọ́ mẹ́fà la fi wà láìní iná nílé wa, igi wó dí ẹnu ọ̀nà. Ta ló wá? Àwọn ìyá àti bàbá àwọn ọmọ tí ọmọ mi ń bá gun ìgbì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgégi wá, wọ́n gbé gáàsì kékeré wá, ìyá kan gbé ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀dùnkún tó gbóná wá. Wọ́n mọ ilé wa torí wọ́n ti ń já ọmọ wa sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ dé láti Dublin, tí kì í jáde, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn ẹ̀ títí iná fi dé. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ ni.

* * *

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá, ìyá ọmọ padà wá lálẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi, omi bọ́ lójú ẹ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kà á: ọmọ ti lo ọ̀sẹ̀ méje ní púùlù, ó lọ fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lánàá, ìyá ẹ̀ dúró létí òkun pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin, òjò pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá kan tí ò mọ̀ rí bu tíì fún un látinú fíláàsì, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ọmọ ṣubú títí, lẹ́yìn náà ó dìde dúró lórí bọ́ọ̀dù, ó tó bí èèyàn ṣe máa ka ení èjì ẹ̀ta, ìyá ẹ̀ ní òun ò mọ̀gbà tóun pariwo orúkọ ẹ̀, oríkì ló jáde lẹ́nu òun níwájú gbogbo òyìnbó.

Ìbéèrè yín nípa aṣọ rọ́bà tó ń rùn: ẹ má kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ o, ẹ má sì sá a sórí rédíétọ̀, á sán. Omi tútù tí ò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣan án, ẹ yí inú ẹ̀ síta, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ po láàárín kẹ́ ẹ fi kọ́, ẹ má fi èjìká kọ́ ọ, á fà. Níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe nínú oòrùn. Tó bá ṣì ń rùn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi pẹ̀lú ọtí kíkan díẹ̀ kẹ́ ẹ tún ṣan án. Sátidé tó ń bọ̀ mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti ìyàwó mi á wà ní Strandhill láago mẹ́wàá, nítòsí àwọn àga tó kọjú sí òkun, ẹ ó rí wa. A máa gbé mọ́ínmọ́ín wá, ẹ bá wa wá ata díẹ̀.